Ta Ló Fi Osùn Kun Orí Òkè? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìmọ́lẹ̀ Orí Òkè àti Bí A Ṣe Ń Yà Á

Fọ́tò òkè oníyìnyín tí orí rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú òkùnkùn, ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Àwọn mìíràn ní ṣe ni wọ́n da àwọ̀ sí i. Àwọn tó ti dúró níwájú irú òkè bẹ́ẹ̀ rí sì ń béèrè ìdí tí tiwọn fi jáde bí eérú. Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tó ń jẹ yọ jù nìyí.

Ṣé òkè máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?

Ó máa ń pọ́n. Nígbà mìíràn ó máa ń pọ́n ju ti fọ́tò náà lọ.

Kí ló ń sọ ọ́ di pupa?

Ọ̀nà jíjìn tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí à ń pè ní funfun jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ àwọ̀. Bó bá ti wọ inú afẹ́fẹ́, àwọn èérún afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn ká, wọn kì í sì í fọ́n gbogbo àwọ̀ dọ́gba: búlúù ń fọ́n ká ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ju pupa lọ. Búlúù tó fọ́n ká yẹn ni ojú ọ̀run tí à ń rí. Nígbà tí oòrùn bá wà ní àárín gbùngbùn ọ̀run, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú afẹ́fẹ́ kúrú. Bó bá wà létí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ní láti là kọjá tó nǹkan bí ìlọ́po 38 ìyẹn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, búlúù ti dà nù sọ́nà. Pupa àti àwọ̀ ọsàn ló ṣẹ́ kù.

Òkè ga, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ rí oòrùn láàárọ̀, òun náà ló sì ń rí i kẹ́yìn nírọ̀lẹ́. Funfun ni yìnyín, àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá gbé wá ló sì ń gbé wọ̀, bí aṣọ funfun tí wọ́n tì bọ inú ìkòkò aró. Àpáta aláwọ̀ eérú náà ń gba pupa dáadáa. Àpáta dúdú kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní òkè lè pọ́n nígbà tí oòrùn kò tíì yọ rárá. Báwo ni?

Ohun méjì ni àwọn èèyàn ń dà pọ̀ mọ́ra níbí. Nínú èkíní, oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń tan òkè. Ìlà tó hàn gbangba á wà láàárín ibi tó pọ́n àti ibi tó ṣókùnkùn. Láàárọ̀ ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀, nírọ̀lẹ́ ó ń gòkè, ẹ sì lè fojú bá a lọ. Nínú èkejì, oòrùn ṣì wà lábẹ́ etí ilẹ̀, ojú ọ̀run tó ti pọ́n ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sára òkè. Èyí kò ní ìlà, kò sì ní òjìji. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, ó sì rọ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì lágbègbè Alps, àwọn òkè ńlá kan ní Yúróòpù, ń pè é ní Alpenglühen. Ohun kejì yìí ni àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ náà pè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó fún méjèèjì.

Lásìkò yẹn kan náà, ẹ kẹ́yìn sí ibi tí oòrùn fẹ́ yọ. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ óò rí ọ̀já aláwọ̀ aró kan tó lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀, ọ̀já pupa rẹ́súrẹ́sú á sì wà lórí rẹ̀. Òjìji ayé ni ọ̀já ìsàlẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni kò rí i rí, torí pé ibi tí oòrùn ti ń bọ̀ nìkan ni gbogbo wọn kọjú sí.

Kí ló wá dé tí fọ́tò tèmi fi jáde bí eérú?

Kámẹ́rà ló ń “tún un ṣe” fún yín. Àkọ́kọ́ ni white balance, ètò tí kámẹ́rà fi ń pinnu irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ní. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà, á rí pupa tó pọ̀, á rò pé àṣìṣe ni, á sì fi búlúù pa á. Ẹ yí i sí àmì oòrùn, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ gbé e sí 5200 sí 5500K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), kí ẹ sì fi í síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yìnyín. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun dà bí eérú, tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Yìnyín tuntun ń dá ju ìdá 80 lọ padà. Nítorí náà kámẹ́rà á fà á wálẹ̀ títí tí funfun á fi di eérú. Níbi tí kámẹ́rà ti ń jẹ́ kí a fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò tàbí kí a dín in kù, ẹ fi +1 sí +2 kún un bí yìnyín bá gba ojú fọ́tò lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí òkè bá ti pọ́n, tí ìyókù ojú fọ́tò sì ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ yí padà: kámẹ́rà á fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí òkùnkùn náà, orí òkè á sì jó, ìyẹn ni pé á mọ́lẹ̀ jù débi tí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà nù. Pupa ló ń kọ́kọ́ jó. Nítorí náà ẹ ṣí histogram, àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, èyí tó ń fi pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì rí i pé ti pupa kò kọlu ògiri ọwọ́ ọ̀tún. Bó bá ti kọlù ú, pupa yẹn á di ìyeyè tó ṣá, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹ dín in kù ní −1, kí ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹ sì máa yà á ní RAW, fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí, nítorí JPEG, fáìlì tí kámẹ́rà ti fún pọ̀, ti da ohun púpọ̀ nù kí ẹ tó délé.

Èyí tó kù ni pé ojú wa ń rí inú òkùnkùn àfonífojì àti orí òkè tó ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, kámẹ́rà kò lè gbé méjèèjì. Ọ̀nà àtijọ́ ni fílítà, dígí tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ńsì, tó ṣú lókè tó sì mọ́ gaara nísàlẹ̀; Galen Rowell, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gbajúmọ̀ fún lílo irú rẹ̀. Ó dára bí ààlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bá tẹ́ gbalaja. Bí ṣóńṣó òkè bá yọ gọnbọ sókè, fílítà náà á mú òun náà ṣú, á sì dà bíi pé wọ́n fi ẹ̀fín bò ó. Nígbà náà, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ ya mẹ́ta tẹ̀ léra: −2 (tó ṣókùnkùn), 0, +2 (tó mọ́lẹ̀), kí ẹ pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tẹ̀ léra kíákíá o, nítorí bí àwọsánmà bá rìn láàárín wọn, ẹ óò rí i lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ńbà wo ni kí n fi sí i?

ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó) 100, ihò lẹ́ńsì f/8 sí f/11 (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré), kí ẹ jẹ́ kí shutter, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, gba àkókò tó bá fẹ́ lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má kọjá f/16, àwòrán kò ní mọ́ gaara mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ so báàgì mọ́ àárín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, kí ìdí báàgì sì kan ilẹ̀. Èyí tó bá ń fì ń mì ín ni.

Fóònù ńkọ́?

Ó ṣe é lò. Ẹ fi ìka tẹ ibi tó pọ́n lórí òkè mọ́lẹ̀ títí tí ojú fóònù á fi sọ pé òun ti tì í, kí ẹ wá fa àmì oòrùn sísàlẹ̀ títí àwọ̀ á fi padà. Ẹ má fi ìka méjì fa òkè súnmọ́ ré kọjá ibi tí lẹ́ńsì rẹ̀ mọ.

Wọ́n ń sọ pé ká kọ́ bí a ṣe ń “rí ìmọ́lẹ̀.” Kí ni wọ́n ń sọ?

Wọ́n ń sọ pé òkè là ń wò, ìmọ́lẹ̀ tó wà lára rẹ̀ la kì í wò. Ẹ jáde nírọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ti wálẹ̀. Ẹ di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, ẹ na apá síwájú, kí ẹ kẹ́yìn sí oòrùn. Ẹ̀ṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ó tẹ́ bí ìwé. Ẹ rọra yí títí oòrùn á fi wà ní ẹ̀gbẹ́ yín. Oríkèé ìka kọ̀ọ̀kan á ju òjìji tirẹ̀ sílẹ̀, iṣan á yọ, ìhunjọ awọ ara á hàn bí ebè oko. Ẹ yí títí ẹ óò fi kọjú sí ibi tí oòrùn wà, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ náà bo oòrùn. Á ṣú dúdú, ìrun ẹ̀yìn ọwọ́ á sì máa tàn yí i ká bí òwú wúrà. Òkè kò yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ihò àti gèrè rẹ̀ yọ, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lẹ ń wá. Bí òkè bá tò tẹ̀ léra títí lọ, tí kùrukùru wà láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti iwájú yín bọ̀ ló ń sọ ìkọ̀ọ̀kan wọn di aláwọ̀ ọ̀tọ̀, èyí tó jìnnà jù á mọ́ jù.

Ìdánrawò tó ń kọ́ni jù nìyí: ẹ dúró sójú kan, ẹ má gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kúrò, kí ẹ ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, láti wákàtí kan kí oòrùn tó yọ títí di wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò 13 ni. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òkè kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí méjì tó jọra. Ẹni tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀marùn-ún á máa mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ dáadáa yìí ṣe ń pẹ́ tó?

Ó kù sí ibi tí ẹ wà. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà ń wà nígbà tí oòrùn kò bá ju nǹkan bí dígírì 6 lọ lókè etí ilẹ̀. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ń wọ̀ gbọnrangandan, dígírì 15 ní wákàtí kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 24 péré lẹ ní. Níbi tó jìnnà sí àríwá bíi Norway, ó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ̀, àkókò náà sì lè tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún rántí pé òkè mìíràn lè wà lẹ́yìn yín tó máa bo oòrùn kí àkókò tó pé.

Nígbà mìíràn, ọjọ́ pàápàá ní iye. Ní Yosemite, Amẹ́ríkà, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń já bọ́ lára àpáta El Capitan, tí wọ́n ń pè ní Horsetail Fall, máa ń tàn bí iná tó ń dà sílẹ̀. Àárín sí ìparí oṣù Kejì nìkan ló ń ṣe é, nígbà tí oòrùn tó ń wọ̀ bá bá igun náà mu, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Rowell yà á ní 1973. Bí yìnyín orí òkè kò bá yọ́ tó láti di omi, tàbí bí àwọsánmà kékeré kan bá dínà ní ìwọ̀ oòrùn, kò sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ṣé ká kó kámẹ́rà sápò lọ́sàn-án ni?

Ẹ má kó o. Ẹ wo fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ní 1927, ayàwòrán Ansel Adams ń ya àpáta Half Dome, ní Yosemite kan náà, lójú ọ̀sán. Ó kọ́kọ́ fi fílítà aláwọ̀ ìyeyè yà á, ó sì mọ̀ pé ojú ọ̀run kò ní ṣú bó ṣe ń rí i lọ́kàn. Awo dígí kan ṣoṣo tó lè ya fọ́tò sí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi fílítà pupa tó jinlẹ̀ sí i, fílítà náà dí búlúù mọ́ta, ojú ọ̀run sì jáde dúdú lẹ́yìn àpáta náà.

Polarizer, fílítà kan tí a ń yí lójú lẹ́ńsì, náà ń mú ojú ọ̀run ṣú, pàápàá ní ìdá mẹ́rin òbírí sí ibi tí oòrùn wà, ṣùgbọ́n lórí òkè gíga, ojú ọ̀run ti jinlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yí i dé ààbọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dúdú bí èédú.

Báwo ni mo ṣe lè dá fọ́tò ayédèrú mọ̀?

Ẹ wo inú òjìji. Bí oòrùn bá ń tan orí òkè, yìnyín tó wà nínú òjìji gbọ́dọ̀ ní búlúù lára, nítorí ojú ọ̀run nìkan ló ń tan án. Bí òun náà bá pọ́n bákan náà, ẹnì kan ti fa àwọ̀ gbogbo fọ́tò náà. Àwòrán òkè nínú omi adágún kì í mọ́lẹ̀ ju òkè fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ òṣùpá tó mọ́lẹ̀ ń kọjú sí ibi tí oòrùn wà. Àwọn òjìji kò gbọ́dọ̀ máa tako ara wọn. Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́: ẹni tó tún ìmọ́lẹ̀ RAW ṣe kí ó lè bá ohun tó fojú rí mu kò purọ́. Ẹni tó gbé oòrùn síbi tí kò sí ló purọ́.

Mo rí òjìji ńlá kan nínú kùrukùru, òṣùmàrè yí orí rẹ̀ ká. Ṣé iwin ni?

Ẹ̀yin ni. Oòrùn wà lẹ́yìn yín, kùrukùru wà níwájú, òjìji yín sì bọ́ sórí rẹ̀. Òkè Brocken ní Jámánì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kálukú ń rí òṣùmàrè náà yí orí tirẹ̀ nìkan ká. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ yín wà kí ẹ tó sún síwájú láti yà á.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Mànàmáná ṣáájú ohun gbogbo. Bí ẹ bá rí i, ẹ kà títí ẹ óò fi gbọ́ àrá. Ìṣẹ́jú àáyá 3 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, ẹ ti pẹ́ jù lórí ibẹ̀: ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè, ẹ má sì dúró lábẹ́ igi tó dá wà, ẹ má sì padà títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

Ẹ má fi ojú wo oòrùn láti inú ihò kámẹ́rà onídígí. Lẹ́ńsì ń kó iná rẹ̀ jọ sínú ẹyinjú. Ìtànṣán tó ń jóni lára ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo mítà 1000 tí ẹ bá gùn, yìnyín tuntun sì lè dá tó ìdá 80 rẹ̀ padà sí yín lójú. Ojú yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín bí iyẹ̀pẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wọ awò dúdú tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú.

Ìmọ́lẹ̀ tó dára jù ń parí nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ mú iná orí dání, pẹ̀lú bátìrì mìíràn, kí ẹ sì ti mọ ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ nígbà tí ojúmọ́ ṣì wà.

Òtútù kò ní ba kámẹ́rà jẹ́?

Bátìrì ló ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ tọ́jú èyí tí ẹ kò lò sínú àpò tó súnmọ́ àyà. Èyí tó kú nínú òtútù máa ń jí díẹ̀ bó bá ti gba ooru. Ewu tòótọ́ wà nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn, nígbà tí ẹ ṣì wà níta, ẹ yọ memory card, kí ẹ ti kámẹ́rà sínú ọ̀rá, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin. Ìrì á sẹ̀ sára ọ̀rá dípò inú lẹ́ńsì. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì kí ẹ tó tú u.