Ta Ló Jí Ọwọ́ Ayàwòrán?

Obìnrin kan wọ ọ́fíìsì mi, kò tíì jókòó dáadáa tó fi gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. "Ẹ wò ó, sà. Wọ́n ti jí ọwọ́ mi."

Ayàwòrán ni. Ó ti lé ní ọdún 10 tó ti ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé, ẹni tó bá sì ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò dá a mọ̀ níbikíbi: ojú ràbàtà, ọrùn gígùn, àwọ̀ tó ń ṣàn wọnú ara wọn bí ìgbà tí omi bá kán sórí yíǹkì. Gbogbo rẹ̀ ló pé sínú àwòrán orí fóònù náà, àmọ́ òun kọ́ ló yà á. Ẹnì kan ló tẹ orúkọ obìnrin yìí sínú ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, tó ní kí ẹ̀rọ náà ya àwòrán bí obìnrin yìí ṣe máa ń yà á. Kí ẹni náà tó mí lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán ti dé.

Mo bi í pé, "Èwo gan-an nínú àwòrán yín ni wọ́n dà kọ?"

Ó wò ó títí, ó fi ìka fa àwòrán náà tóbi, ó tún fà á kéré. Kò rí ọ̀kan. (Ó ti gbà mí láyè kí n sọ ìtàn yìí, bí mi ò bá ti dárúkọ òun.)

Agbẹjọ́rò ni mí, ẹ̀ka ẹ̀tọ́ àdàkọ ni mo ti ń jẹun, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kọ́píráìtì. Ìbéèrè tí mo bi í yẹn la máa ń kọ́kọ́ bi gbogbo ẹni tó bá wá, ìdáhùn rẹ̀ ló sì máa ń dun àwọn oníbàárà wa jù. Òfin kì í ṣọ́ ọwọ́. Kì í ṣọ́ èrò. Bí mo bá kọ ìtàn ọmọ òrukàn tó padà wá jọba, ẹ̀yin náà lè kọ ti ọmọ òrukàn mìíràn lọ́la, kí tiyín sì dára ju tèmi lọ, mi ò ní ẹjọ́ kankan láti bá yín rò. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni gbólóhùn mi, bí mo ṣe to ìtàn náà, àwòrán tí mo yà gẹ́lẹ́. Òfin ń ṣọ́ aṣọ tí mo dá, kò ṣọ́ ọgbọ́n aṣọ dídá.

Ó lè jọ bíi pé òfin ń fojú di oníṣẹ́ ọnà, àmọ́ ẹ rò ó wò ná. Mo bi obìnrin náà pé níbo lòun ti rí ojú ràbàtà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dárúkọ àwọn ayàwòrán méjì tí òun máa ń wo ìwé wọn ní kékeré. Ká ní àwọn yẹn ti fi òfin de ojú ràbàtà ńkọ́? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, orí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n yẹn náà sì ni gbogbo àṣà ayé dúró lé.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ fúnra rẹ̀ kò dàgbà tó bí a ṣe rò. Ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà ọ̀pọ̀ ni ènìyàn fi ń kọrin, tí wọ́n ń pìtàn, tí wọ́n ń kọ̀wé, láìsí òfin kan báyìí. Kò sí ẹni tó nílò rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ da odindi ìwé kọ yóò jókòó tì í fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Johannes Gutenberg gbé jáde ní ìlú Mainz ní Jámánì, ní àwọn ọdún 1450, ló yí i padà. Nígbà tí ìwé kan ṣoṣo lè di ọgọ́rùn-ún, ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ní àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé ni àṣẹ náà wà láti 1557. Òǹkọ̀wé máa ń ta ìwé rẹ̀ pátá ni, á gbowó, á máa lọ. Ọdún 1710 ni òfin ayé Ọbabìnrin Anne kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ náà lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́: ọdún 14, àti 14 mìíràn bó bá ṣì wà láàyè. Tí iyẹn bá ti parí, ìwé náà di ti gbogbo ayé.

Ẹ fi ọdún 14 yẹn wé ti òní. Àdéhùn Berne ti 1886, tí àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù láyé ti fọwọ́ sí, ní kò gbọdọ̀ dín sí gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé àti ọdún 50 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó ti di 70 lẹ́yìn ikú. Ẹ̀yà Mickey Mouse àkọ́kọ́, tó jáde nínú fíìmù ní 1928, kò di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024. Èrò tèmi ni pé ó ti pọ̀ jù. Òkú kì í kọ ìwé mìíràn nítorí pé a fi ogún ọdún kún ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àmọ́ àwọn tí mo ń gbẹjọ́ wọn rò kì í fẹ́ gbọ́ èyí lẹ́nu mi, mo sì ń jẹun lọ́wọ́ wọn.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ti dùùrù tó ń fúnra rẹ̀ kọrin ló wù mí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn dùùrù kan wà tí a máa ń ki rólù bébà oníhò sínú wọn. Ihò yẹn ló ń darí ohùn. Ní 1906, John Philip Sousa, olórin ńlá Amẹ́ríkà, figbe ta pé ẹ̀rọ yìí yóò pa orin, pé àwọn ọmọ kò ní kọ́ ohun èlò orin mọ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé orin jáde gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì pàdánù ní 1908: àwọn adájọ́ ní rólù oníhò kì í ṣe àdàkọ orin, nítorí kò sí ènìyàn tó lè fojú kà á. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣe òfin tuntun. Wọn ò fòfin de ẹ̀rọ náà, wọn ò sì ní kí akọrin lọ faradà á. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe rólù, àmọ́ yóò san sẹ́ńtì 2 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó kọ orin. Ètò yẹn ṣì wà, ó kàn ti gbèrú.

Irú ìjà kan náà ló tún ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ fídíò, èyí tó ń gba eré orí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà dá a láre ní 1984, kò sì pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò fi di ọ̀kan lára ibi tí owó ti ń wọlé jù fún àwọn onísinimá tó fẹ́ pa á. Napster, tí àwọn ènìyàn fi ń pín orin fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dé ní 1999, ilé ẹjọ́ tì í pa ní 2001, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ò padà sídìí CD. Ìgbà tí ẹnì kan gbà láti ta orin kọ̀ọ̀kan fún wọn ní sẹ́ńtì 99, ní 2003, ni owó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó dé báyìí wá yàtọ̀. Rólù bébà ń kọ orin kan pàtó. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá kò to ìwé tàbí àwòrán jọ sínú bí ẹni to ìwé sórí pẹpẹ. Wọ́n á gbé ìwé lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún síwájú rẹ̀, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ní kó máa méfò ohun tó kàn. Ìgbàkigbà tó bá ṣì í, wọ́n á tún àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe díẹ̀, nọ́ńbà tó lè tó bílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni ọwọ́, kì í ṣe ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ yìí kì í da nǹkan kọ rárá ń parọ́: ohun tó bá ti rí lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè kà á sórí bí ọmọ ilé ìwé, kó sì pọ̀ ọ́ jáde ní odindi.

Ibi tí òfin ti rí ìkọ́ fi kọ́ ọ ni pé kí ẹ̀rọ tó kọ́ ìwé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà. Àdàkọ nìyẹn. Ṣé òfin fàyè gbà á? Japan tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2018, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá ti pa onínǹkan lára ju bó ṣe yẹ lọ. Yúróòpù gbà á ní 2019, àmọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ lè kéde pé òun ò fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ ló ń pinnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹfà 2025, adájọ́ kan ní San Francisco, nínú ẹjọ́ tí àwọn òǹkọ̀wé pe Anthropic, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, sọ pé ìlò tí òfin fàyè gbà ni kí ẹ̀rọ fi ìwé kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n pé ìwé tí ilé iṣẹ́ náà wà jáde láti orí ìkànnì àwọn olè, tó sì kó jọ pamọ́, kò sí lábẹ́ àbò yẹn. Wọ́n parí ìjà náà pẹ̀lú bílíọ̀nù dọ́là kan àbọ̀, nǹkan bíi 3,000 dọ́là lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ mìíràn ṣì pọ̀ níwájú àwọn adájọ́, wọn ò sì ní ẹnu kan.

Ta wá ni ó ni ohun tí ẹ̀rọ bá yà? Èyí rọrùn díẹ̀. Ọ̀bọ kan ló kọ́kọ́ kọ́ wa, ọ̀bọ tó fi kámẹ́rà ẹlòmíì ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, tí fọ́tò náà sì lu ayé ní 2011. Ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà ní ohun tí ẹranko bá ṣe kò lólúwa. Ní oṣù Kẹta 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan níbẹ̀ sọ irú rẹ̀ nípa ẹ̀rọ: òǹṣèwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ènìyàn. Ẹnì kan tó fi ẹ̀rọ ya ìwé aláwòrán gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti bó ṣe tò ó, kò gbà á lórí àwọn àwòrán náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, nítorí òfin wọn ti 1988 fi ẹ̀tọ́ fún ẹni tó ṣètò iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ nìkan ya àmì ilé iṣẹ́ yín látòkè délẹ̀, ẹ mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá gbé àwòrán náà lọ, ẹ ò lè fi ẹ̀tọ́ àdàkọ mú un.

Mo padà sọ́dọ̀ obìnrin mi. Lẹ́yìn tí mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí, mo ní kó jẹ́ kí n rí ìwé àdéhùn òun àti ilé ìtẹ̀wé tó ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní kí ni ìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tó gbé e dé lọ́jọ́ kejì, gbólóhùn náà wà ní ojú ewé kẹta: gbogbo ẹ̀tọ́, ní gbogbo ayé, lórí gbogbo ẹ̀rọ tó wà àti èyí tí a ó ṣe lọ́jọ́ iwájú, títí láé. Ó ti fọwọ́ sí i ní ọdún méje sẹ́yìn. Bí ilé ìtẹ̀wé yẹn bá fẹ́ ta gbogbo àwòrán rẹ̀ fún àwọn tó ń fi kíkọ́ ẹ̀rọ jẹun, wọn ò ní láti bi í léèrè, wọn ò sì ní láti fún un ní kọ́bọ̀.

Irú èyí ni mo ń rí jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwọn ènìyàn á máa wo ẹ̀rọ bí olè, nígbà tó jẹ́ pé bébà tí wọ́n fọwọ́ sí láìkà ló ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ àdàkọ kì í ṣe ẹyọ ohun kan. Ó dà bí ilẹ̀ tí a lè pín sí pulọ́ọ̀tì: ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́, láti túmọ̀ rẹ̀, láti fi ṣe sinimá, láti kà á sínú ohùn, àti báyìí, láti fi kọ́ ẹ̀rọ. Pulọ́ọ̀tì kan ni òǹrajà wá rà. Kí ló dé tí a fi ń kó gbogbo ilẹ̀ fún un? Àwọn òǹkọ̀wé sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà mọ èyí. Ní 2023 wọn ò dúró de adájọ́. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148. Ohun tí wọ́n gbà padà wà nínú àdéhùn: ẹ̀rọ kò lè di òǹkọ̀wé, ilé iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ sọ fún òǹkọ̀wé bí ohun tó gbé fún un bá ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà náà ń fọwọ́ sí i, nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ "mo gbà". Ní 2009, àwọn tó ra ìwé kan lórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé ilé iṣẹ́ Amazon, jí lọ́jọ́ kan, wọn ò bá ìwé náà mọ́. Amazon ló pa á rẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, nítorí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ìwé wo ni? <i>1984</i> ti George Orwell, ìtàn ìjọba tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Ohun tí àwọn òǹrajà náà rà kì í ṣe ìwé, àyè láti kà á ni.

Nípa ọjọ́ iwájú, kì í ṣe àwọn ọ̀gá ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Ẹni tí ayé ti mọ ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣì rí iṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni mò ń rò. Iṣẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́ tí kò níyì, àwòrán kékeré fún ìpolówó, ìtúmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ ìfọṣọ, orin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọwọ́ kó tó di ọwọ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣe wọ́n báyìí, ní ọ̀fẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ kò ní nǹkan kan láti sọ sí i, nítorí kò sí ẹni tó jí nǹkan kan.

Ní ti obìnrin náà, a rí ìlà kan nínú àdéhùn rẹ̀ tó ní bí ìwé bá ti tán lọ́jà tí wọn ò tún un tẹ̀, ó lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Mẹ́ta nínú àwọn ìwé rẹ̀ ló bọ́ sí i. A kọ lẹ́tà, wọ́n sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Nígbà tí àdéhùn ìwé tuntun rẹ̀ dé, ó gbé e wá sọ́dọ̀ mi kó tó fọwọ́ sí i. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa igi lórí "èyí tí a ó ṣe lọ́jọ́ iwájú", ó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé ó yẹ kí òun fagi lé "títí láé" náà.

Mo ní kó fà á.