Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Iná Tọ́ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Yín

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ọkọ̀ mẹ́ta tó fi ẹsẹ̀ iwájú kọ lu kọnkéré etí títì ló wọlé tọ̀ mí wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe alignment, ó kàn ń fà sápá ọ̀tún díẹ̀ ni." Alignment, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kí wọ́n lè dọ́gba, kọ́ ni ọkọ̀ yín ń fẹ́. Irin kan ti tẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn, owó tẹ́ ẹ bá sì san fún alignment kí wọ́n tó pààrọ̀ irin náà, ẹ sọ ọ́ nù ni.

Tie rod, ìyẹn ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ló sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, torí ó tínrín. Bí ìkọlù náà bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè kan lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀), ball joint (oríkèé tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ táyà lè yí), ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì àti bíárìn. Kí n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, tépù ni mo máa ń mú. Màá jẹ́ kí táyà méjèèjì kọjú síwájú gbọnrangandan, màá wọn láti àárín rímù dé ojú kan náà lára bọ́dì, lósì àti lọ́tùn-ún. Bí ìyàtọ̀ bá ti tó mílímítà 5, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Ẹ yẹ ikùn táyà wò pẹ̀lú, ìta àti inú. Bí ibì kan bá wú bí eéwo, okùn inú rẹ̀ ti já, kò sí fọganáísà tó lè tún un ṣe.

Àwọn tó ń fi iná tọ́ irin ló ń bà mí nínú jẹ́. Ọ̀pọ̀ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe fi iná sè é, tí wọ́n sì fi ọgbọ́n tù ú nílé iṣẹ́, ló fún un lágbára. Bí jórinjórin bá wá fi gáàsì sun ún títí ó fi pọ́n, tó fi òòlù tọ́ ọ, agbára yẹn lọ nìyẹn. Ojú ò lè rí i. Irin á tọ́, wọ́n á kùn ún lọ́dà, á máa dán. Ẹni tí ò lo iná, tó kàn ń fi òòlù lù ú padà, ò sàn jù ú lọ. Ẹ mú wáyà kan, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà, ẹ ó rí bó ṣe máa já. Ti alumíníọ́mù ló wá burú jù, torí kì í pọ́n kó tó yọ́. Ní nǹkan bí 660°C ó ti di omi, ẹni tó sì ń dúró kó pọ́n ti bà á jẹ́ tipẹ́.

Àwọn mìíràn ò ní fọwọ́ kan irin tó tẹ̀ yẹn rárá. Wọ́n á yí tie rod títí táyà á fi dọ́gba, wọ́n á ní ó ti parí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ á lọ tààrà, ẹ ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kó fi eré wọ gegele. Bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń lọ sókè sódò, táyà á máa yà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ yí sítíárìn.

Ọdún 22 ni mo ti ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Mi ò tíì fi iná tọ́ irin kan kí n sì dá a padà fún oníbàárà rí.

Obìnrin kan wá lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó ra lower arm tuntun. Ó ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó lọ bá ẹnì kan tó bá a fi iná tọ́ ọ. Ó tó bí oṣù méjì lẹ́yìn náà kó tó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ṣe ń yà wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, lower arm náà já, táyà sì ká sábẹ́ ọkọ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń lọ, ìyẹn ni ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fara pa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, orí òpópónà márosẹ̀ ló wà, ọmọ méjì jókòó lẹ́yìn. Nígbà tí mo tú irin náà, ibi tí iná ti jó o gan-an ló ti kán. Ó ṣì wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá ní kí n bá òun tọ́ irin, òun ni mo máa ń gbé lé e lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti ra tuntun, ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín. Kò gbọdọ̀ fún nọ́ọ̀tì bush lower arm (rọ́bà tó wà nídìí rẹ̀) pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ tán, rọ́bà náà á lọ́, láìpẹ́ á ya. Kó jẹ́ kí ọkọ̀ fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tẹ táyà kó tó fún un pa. Pínnì kékeré tó ń há nọ́ọ̀tì ball joint, tuntun ni kó fi sí i, kó má tọ́ ti àtijọ́ padà. Lẹ́yìn èyí ni kẹ́ ẹ wá gbé ọkọ̀ lọ fún alignment.