Fífi Kún Eré Kọ̀ǹpútà Nínú Ooru Abẹ́òkúta

Láti oṣù kejì ọdún títí di ìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣe iṣẹ́ fídíò máa ń wá sí ìsọ̀ mi ní Pánṣẹ́kẹ́ jù, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń rò: wọ́n ti ṣe overclocking, ìyẹn fífi kún eré processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ju bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sí lọ, kọ̀ǹpútà náà sáré bí ẹṣin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ló ń gbà là. Nígbà tí gbígbóná processor bá dé góńgó tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i, èyí tó jẹ́ 100°C fún ọ̀pọ̀ Intel àti 95°C fún Ryzen 7000 ti AMD, yóò fúnra rẹ̀ dín eré kù kí ó má baà jóná.

Ìlù ni processor ń tẹ̀ lé. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tòde òní, ìlù ìpìlẹ̀ náà jẹ́ 100 MHz, a ó sì fi iye kan sọ ọ́ di púpọ̀: 100 lọ́nà 40 jẹ́ 4000 MHz, ìyẹn 4 GHz, bí a bá sì sọ 40 yẹn di 44 nínú BIOS (ojú ìwé ètò tó ń ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), ó di 4.4 GHz. Kì í ṣe gbogbo processor ló gbà á. Ti Intel, àwọn tí lẹ́tà K wà ní ìparí orúkọ wọn ni, wọ́n sì nílò motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) oní-Z, ìyẹn èyí tí orúkọ irú rẹ̀ fi lẹ́tà Z bẹ̀rẹ̀. Ti AMD, Ryzen tó pọ̀ jù gbà, ṣùgbọ́n motherboard A320 àti A520 kò gbà. Àwọn tòkunbọ̀ Dell àti HP tó kún ìlú wa kì í sábà ní àyè rẹ̀ rárá, nítorí náà kí ẹni tó ni wọ́n fi owó rẹ̀ ra RAM tàbí SSD.

Ohun tí eré yìí ń náni ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò. Bí a bá fi kún eré, a sábà ní láti fi kún fóltéèjì kí processor má baà ṣìṣe, iná tí ó ń jẹ sì ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, ṣùgbọ́n ti fóltéèjì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé fóltéèjì lọ́nà ara rẹ̀ la ó fi ṣírò. Ẹ jẹ́ kí a mú processor kan tó ń jẹ 100 wáàtì ní 4 GHz pẹ̀lú fóltéèjì 1.20. Bí a bá gbé e lọ sí 4.4 GHz pẹ̀lú fóltéèjì 1.35, eré fi ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i, iná sì di nǹkan bí 139 wáàtì, ooru sì ni gbogbo rẹ̀ ń dà.

Ibí yìí ni Abẹ́òkúta ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Heatsink, irin tó ń fa ooru kúrò lára processor, àti fáànù rẹ̀ kò lè mú processor tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Orí gbígbóná yàrá náà ni wọ́n ti ń kà lọ sókè. Bí heatsink kan bá ń fi 0.4°C lé e fún wáàtì kọ̀ọ̀kan, 139 wáàtì yóò fi bí 56°C lé ti yàrá. Ẹni tó wà nínú yàrá 22°C ní ìlú òtútù yóò rí 78°C, yóò sì ya fídíò rẹ̀ fi yangàn. Nínú yàrá 35°C ní Ìbarà ní aago méjì ọ̀sán, tí NEPA ti mú iná lọ tí ínfátà kò sì lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, 91°C ni, afẹ́fẹ́ inú àpótí kọ̀ǹpútà sì tún gbóná ju ti yàrá lọ. Ẹ̀rọ ìtutù tó ń lo omi dípò heatsink àti fáànù lásán kò yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí. Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí bí pọ́ǹpù rẹ̀ bá kú, odindi rẹ̀ la sábà máa ń pààrọ̀, ṣùgbọ́n bí ti heatsink ńlá bá kú, fáànù nìkan la ó rà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan BIOS, kí ó kọ́kọ́ tọ́jú afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ àti ti ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà máa ń dì mọ́ àárín heatsink bí òwú títí afẹ́fẹ́ kò fi ní ráàyè kọjá; a ó pa kọ̀ǹpútà, a ó yọ wáyà iná rẹ̀, a ó sì di abẹ fáànù mú kí ó má baà yí, kí a tó fẹ́ eruku náà kúrò. Kí fáànù iwájú máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, kí tẹ̀yìn máa tì í jáde. Àwọn ìyá wa tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú a máa fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà wọn nítorí eruku, ọgbọ́n tó dára sì ni, bí wọ́n bá ti lè rántí ká a kúrò kí wọ́n tó tàn án. Ní ti thermal paste, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí àwọn àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín irin méjì, ti processor àti ti heatsink, nítorí náà ìwọ̀n èso ẹ̀wà kan tó, lẹ́yìn tí a bá ti fi isopropyl alcohol nu ti àtijọ́ kúrò. Mo ti bá ọṣẹ ìfọyín níbẹ̀ rí. Ó ti gbẹ táútáú.

Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn èyí, kí ó máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún 40 ìṣáájú yẹn, 41, lẹ́yìn náà 42, kí ó sì fi Prime95 tàbí Cinebench, àwọn ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán processor wò, dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ètò HWiNFO máa fi ìwọ̀n gbígbóná hàn án. Ọ̀sán gangan ni kí ó ti ṣe é, kì í ṣe alẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Bí ó bá ti kọjá 85°C, èmi a dá a dúró níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníṣẹ́ fídíò wọ̀nyẹn yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n bá wá. Mo máa ń dá a padà sí 4 GHz, n ó sì máa dín fóltéèjì kù díẹ̀díẹ̀ bí motherboard bá gbà. Láti 1.20 sí 1.10, 100 wáàtì yẹn á di bí 84, gbígbóná á sì fi bí 6°C wálẹ̀. Òmíràn kì í dé 1.10, ní 1.15 ni yóò ti kú lójijì lẹ́nu ìdánwò, a ó sì gbé fóltéèjì náà sókè padà díẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó oníwákàtí méjì á wá máa lọ ní eré kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kódà ní ọ̀sán oṣù kẹta.