Ẹ bi mí léèrè ṣalángá kí ẹ tó bi mí léèrè ewúrẹ́

Bí àwọn tó fẹ́ kó ìdílé ńlá lọ gbé lórí ilẹ̀ oko bá kàn sí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ omi àti ìmọ́tótó, ìbéèrè kan náà ni ṣáá. Ewúrẹ́ mélòó ni wàrà rẹ̀ máa tó ọmọ mẹ́jọ? Adìyẹ mélòó? Ṣé iná oòrùn lè gbé fìríìjì? Wọ́n á ya àwòrán ilẹ̀ náà ránṣẹ́, wọ́n á fi oríṣiríṣi àwọ̀ kun oko ẹ̀fọ́, ilé ẹran, ilé oyin. Ṣalángá ò ní sí níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á ní "ó máa wà lẹ́yìn ilé." Lẹ́yìn ilé níbo? Ṣé òkè kànga ni àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga. Iṣẹ́ olóko ni ìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ sì wà. Àmọ́ ẹ má sanwó fún ẹni tó ń fi ọ̀pá ẹlẹ́ka méjì rìn kiri ilẹ̀ yín tó ní òun ń wá omi. Ibi tó pọ̀ jù lórí ilẹ̀, tí ẹ bá gbẹ́ ẹ jìn tó, ẹ máa kan omi, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá rẹ̀ kì í fi í purọ́. Ohun tí ọ̀pá ò mọ̀ ni ibi tí ṣalángá yín wà.

Kànga gbọ́dọ̀ wà níbi tí ilẹ̀ ti ga ju ti ṣalángá lọ, kí ó sì jìnnà sí i ní mítà 30 ó kéré tán. Ẹ ka agbo ẹran àti òkìtì ìgbẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀ mọ́ ṣalángá. Ìsàlẹ̀ ihò ṣalángá gbọ́dọ̀ fi mítà 1.5 ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń dé, ìgbà òjò ni kí ẹ sì wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ àpáta tó sán tàbí iyanrìn gbàgìrì, mítà 30 yẹn kò tó.

Ó wá ku ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́: pèpéle etí kànga. Ẹnì kan ń lo nǹkan bí 50 lítà omi lójúmọ́ bí ó bá fẹ́ mu, kí ó sè, kí ó wẹ̀, kí ó fọṣọ. Ẹni 10 nínú ilé, 500 lítà nìyẹn, garawa onílítà 20 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn ọmọ ló sì ń fà á. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lójúmọ́ ni omi ń dà sílẹ̀ létí kànga, lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti agbo ewúrẹ́ dé. Bí omi ìdọ̀tí yẹn bá rí ọ̀nà padà sísàlẹ̀, ìgbẹ́ ẹran lẹ̀ ń mu.

Nítorí náà, mítà 3 àkọ́kọ́ lára ògiri kànga gbọ́dọ̀ dí pátápátá, kí sìmẹ́ǹtì wà láàárín òrùka kọnkéré kan sí èkejì. Kí ògiri etí rẹ̀ ga tó mítà kan. Kí pèpéle yí i ká, kí ó fẹ̀ tó mítà 1.5 sí 2, kí ó dagun síta, kí gọ́tà gbé omi rẹ̀ lọ jìnnà. Ibi tí ó máa ń bàjẹ́ sí ò ṣòro mọ̀: ojú ibi tí pèpéle ti pàdé ògiri. Erùpẹ̀ tí wọ́n dà padà sí ẹ̀gbẹ́ òrùka ni wọ́n kọ́ pèpéle lé, wọn ò gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, òjò kan rọ̀, ilẹ̀ rì, pèpéle bá a rì, àlàfo là. Àlàfo yẹn lè má ju ìbú èékánná lọ. Ẹ da garawa omi kan sórí pèpéle, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Ibi tí omi bá ti ń wọlẹ̀ tí kò ṣàn lọ sí gọ́tà, ibẹ̀ ni. Ẹ má kàn fi sìmẹ́ǹtì ra ojú rẹ̀, yóò bó. Ẹ fi irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kọnkéré gbẹ́ ẹ kí ó fẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì kan sí iyanrìn mẹ́ta dí i, ẹ fi àpò bò ó, kí ẹ máa wọ́n ọn lómi fún ọjọ́ 7.

Okùn kan, garawa kan, ti kànga ni. Kí wọ́n máa wà lórí ìkọ́, kí wọ́n má kan ilẹ̀. Nínú ilé, omi mímu gbọ́dọ̀ wà nínú ike ọlẹ́nu tóóró tó ní ẹ̀rọ nídìí. Ìkòkò tí ọmọ mẹ́jọ ń ki ife àti ọwọ́ bọ̀, kò sí bí omi rẹ̀ ṣe mọ́ láti kànga tí kò ní dọ̀tí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ àkísà ìdí ọmọ nìyí. Nínú ìdílé ńlá kì í tán nílẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ ò lárùn? Lọ́dún 1854, ní òpópónà Broad Street ní London, ìyá kan da omi tó fi fọ àkísà ọmọ rẹ̀ tó ń ṣu gbuuru sínú ihò ẹ̀gbin iwájú ilé. Bíríkì ihò náà ti jẹrà, kànga àdúgbò ò sì jìnnà sí i ní mítà kan. Ó lé ní 600 èèyàn tí onígbáméjì pa. Dókítà John Snow ló wá ìdí rẹ̀ dé ẹnu kànga yẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń sọ pé òórùn ló ń fà á. Inú ṣalángá ni omi àkísà ń lọ, kì í ṣe orí pèpéle.

Álọ́ọ̀mù tí ẹ ń dà sómi, ó ń jẹ́ kí ó tòrò ni. Kì í pa kòkòrò. Blíìṣì lásán tí kò ní òórùn dídùn ló ń pa á. Ìwọ̀n rẹ̀ láti fi fọ kànga: lítà 1 blíìṣì oní-ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún 1,000 lítà omi kànga. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, mítà omi kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 785 lítà. Omi mítà 3 á gba blíìṣì bíi lítà 2.4. Ẹ dà á sí i, ẹ fa omi náà fi fọ ògiri inú, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má mu ún, lẹ́yìn náà ẹ máa fà á dànù títí òórùn á fi lọ. Fún omi mímu, ẹ̀kán 2 sí lítà kan, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Bó bá rú, ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ẹ̀kán 4. Blíìṣì tó ti pẹ́ nínú oòrùn ti kú. Àlàfo pèpéle tí ẹ ò dí náà ò ní jẹ́ kí gbogbo èyí pẹ́.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 lọ́tọ̀. Náítíréètì, kẹ́míkà kan tó ń ti inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran wá, máa ń wọ omi kànga, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bó bá ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, kí wọ́n má fi po wàrà alágolo fún ọmọ, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ètè àti èékánná rẹ̀ á máa dúdú bí aró. Sísè kì í mú un kúrò. Omi á gbẹ, náítíréètì á kù, yóò tún pọ̀ sí i. Blíìṣì ò ràn án. Àyẹ̀wò lọ́dọọdún ni, kí ìyá sì fún un lọ́mú.

Èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wíwọ kànga. Garawa já, bàbá wọlé, ó dákú. Ọmọ àgbà wọlé lọ gbé e, òun náà ṣubú. Àbúrò tẹ̀ lé e. Wọ́n á wá ní iwin ló wà níbẹ̀. Kò sí iwin kankan. Afẹ́fẹ́ búburú máa ń kó jọ sísàlẹ̀, ọ́síjìn á tán. Ẹ̀rọ onípẹtiróòlù tí wọ́n sọ̀ sínú kànga láti fa omi ń tú èéfín olóró tí kò lóòórùn. Àbẹ́là tí wọ́n ń tàn sọ̀ kalẹ̀ láti fi wò bóyá ọ́síjìn wà kò mọ èéfín yẹn rárá. Ó tilẹ̀ lè fa ìbúgbàù bí gáàsì bá wà níbẹ̀.

Ẹ fi ìkọ́ ẹlẹ́nu mẹ́ta yọ garawa. Ẹ̀rọ tó ń jó epo, òkè ni kó wà, kó jìnnà sẹ́nu kànga. Ẹni tó bá pọn dandan kó wọlé, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ ni, kí ó sì ti so ìgbànú mọ́ra kó tó sọ̀ kalẹ̀, kí àgbà méjì tó lè fà á sókè láìwọlé dúró lẹ́nu kànga. Bí ẹnì kan bá ti dákú nísàlẹ̀ láìní okùn lára, ẹ pe panápaná, ẹ sọ fún wọn pé inú kànga ni, kí wọ́n lè gbé ẹ̀rọ ìmí dání. Kí ẹni kan nínú yín di àwọn ọmọ mú.