Ohùn ṣíṣà: iṣẹ́ tí à ń ṣe sí àwo orin àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà

Ohùn ṣíṣà ni mo ń pe iṣẹ́ gbígba orin kúrò lára àwo àtijọ́ àti yíyọ ariwo inú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ní "rẹsitọréṣọ̀n" ti tó. Ó wúwo lẹ́nu, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn ní "àtúnṣe", ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì, télọ̀ àti akọ̀wé jọ ń lò. "Ìsọdọ̀tun" ló burú jù, torí àwo àtijọ́ kò gbọdọ̀ di tuntun. "Ìmúbọ̀sípò" sún mọ́ ọn, àmọ́ ó ń ṣèlérí ohun tí kò sí. Kí ọdún 1925 tó dé, inú ìwo ńlá tó ń gba ohùn wọ inú àwo ni olórin ń kọrin sí. Bẹ́ẹ̀ ni Caruso, olórin ọ̀pẹ́rà ará Ítálì, ṣe kọ tirẹ̀ ní Milan ní 1902. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ṣe kọ orin Yorùbá fún Zonophone, ilé-iṣẹ́ àwo orin, ní London ní 1922. Ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá àti èyí tó ga jù, ìwo kò gbà wọ́n. Ohun tí kò wọ inú àwo láti ìbẹ̀rẹ̀, ipò wo la fẹ́ mú un bọ̀ sí?

Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà kì í fi ẹ̀wà kún un. Òkúta àti ìdọ̀tí ló ń yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń fi ọwọ́ gbá a dànù, ẹ̀wà á bá a lọ. Iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn.

Ekuru ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ní láti kúrò lára àwo ná. Àwo 78 (èyí tó ń yípo nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan), shellac ni, ìyẹn oje kòkòrò tó ti gan; ọtí sì ń yọ́ shellac: ẹ má fi spirit kàn án. Distilled water, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Ẹ máa fọ̀ ọ́ yípo bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ, kí omi má kan bébà àárín. Vinyl, ìyẹn àwo oníke, irú LP (àwo ńlá tó ń pẹ́ kó tó tán) ìjálá Ògúndáre Fóyánmu, lè gba spirit díẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àwo 78 fẹ̀ tó nǹkan bí 76 micron (1,000 micron ló wà nínú mìlímítà kan), ti LP nǹkan bí 25. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ LP gbé 78, ìsàlẹ̀ ìlà tí ekuru kún ni yóò máa wọ́. Ẹ gba orin náà sórí kọ̀ǹpútà ní 96 kHz, 24 bit (ìwọ̀n bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gba ohùn kínníkínní tó), ní sítẹ́ríò (ọ̀nà ohùn méjì) bó tilẹ̀ jẹ́ mono (ọ̀nà kan), torí ìlà àwo ní ògiri méjì, ọ̀kan sì sábà máa ń sàn ju èkejì. Ìṣẹ́jú 3 yóò gba nǹkan bí 104 MB. Bí ihò àwo kò bá sí láàárín gan-an, ohùn á máa lọ sókè sódò ní gbogbo ìyípo. Nínú orin òyìnbó, etí ló ń ni lára. Nínú dùndún, ìtumọ̀ ló ń bàjẹ́, torí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìró "ta! ta!" tí ibi tó ha ń mú wá la ń kọ́kọ́ ṣà, kó tó kan híhó "ṣíìì" abẹ́ orin. Bí híhó bá ṣáájú, "ta" á tàn kálẹ̀, kò ní ṣeé mú mọ́. Fún híhó, nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, ẹ mú ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ ariwo fún Noise Reduction, irinṣẹ́ inú rẹ̀ tó ń dín ariwo kù, kí ẹ sì dín in ní nǹkan bí 6 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó). Bó bá pọ̀ jù, ohùn tín-ín-rín tí kò sí nínú àwo á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn olórin; ìyẹn kì í ṣe ṣíṣà mọ́.

Ìlù ni ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Ètò tó ń wá "ta" kò mọ kọ̀ǹgọ́ yàtọ̀ sí ibi tó ha, torí ìró kọ̀ǹgọ́ lára awọ náà mú, ó sì kúrú. Ẹni tó bá fi í rọ́ gbogbo orin dùndún Ọ̀yọ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti pa ẹnu ìlù. Ẹ dín agbára rẹ̀ kù, kí ẹ fi ọwọ́ yọ èyí tó ṣẹ́ kù níbi tí ẹ ti rí i lórí àwòrán ìgbì ohùn.

Noise Reduction ní Residue, tó ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ó yọ nìkan. Bí ẹ bá gbọ́ olórin tàbí ìlù níbẹ̀, ẹ ti ṣà á jù. Ẹ padà sórí WAV àkọ́kọ́, ìyẹn fáìlì ohùn tí ẹ gbà láti ara àwo, tí ẹ kò fọwọ́ kàn, kí ẹ tún un ṣà.