Ìdí tí a fi ń ra oògùn orí pípá kan láìsí ìwé dókítà, tí a kì í ra èkejì bẹ́ẹ̀

Oògùn méjì ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún irú orí pípá tí ọkùnrin ń jogún: minoxidil àti finasteride. Ẹni tó bá fẹ́ minoxidil olómi á wọ kẹ́míìsì, á sanwó, á gbé e lọ. Ní ti finasteride, àfi kí dókítà kọ ọ́. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé èyí tí dókítà ń kọ ló lágbára jù. Kì í ṣe torí ẹ̀ ni. Ọ̀nà tí oògùn kọ̀ọ̀kan gbà wọ ayé ló fa ìyàtọ̀ náà.

Oògùn ọgbẹ́ inú ni ilé iṣẹ́ Upjohn, ní ìlú Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, ń wá ní ìparí àwọn ọdún 1950. Èyí tí wọ́n rí kò wo ọgbẹ́ inú, àmọ́ ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ni wọ́n bá darí iṣẹ́ wọn sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ibẹ̀ ni minoxidil ti jáde. Nígbà tí Dókítà Charles Chidsey ń dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Yunifásítì Colorado, irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí wọn lójú, lápá àti níwájú orí. Ẹ rò ó wò ná: obìnrin tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru mì, tí irun tún wá ń kún ojú rẹ̀. Wọ́n ké sí Guinter Kahn, dókítà awọ ara. Òun àti Paul Grant tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pò ó di olómi, wọ́n fi pa apá ara wọn, irun sì hù níbẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ìṣàwárí náà pẹ́ gan-an. Ọdún 1986 ni orúkọ Kahn tó wọ ìwé ẹ̀tọ́ ìṣàwárí rẹ̀ (patent).

Minoxidil oníhóró ni FDA kọ́kọ́ gbà, ní 1979, fún ẹ̀jẹ̀ ríru tó le. Olómi dé ní 1988 fún ọkùnrin, ní 1991 fún obìnrin, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ní 1996 ni wọ́n mú ìwé kúrò, torí pé díẹ̀ báyìí nínú èyí tí a fi pa awọ orí ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀, bí ìpín 1.4 nínú 100. Oníhóró rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àṣẹ dókítà títí dòní, àní nígbà tí àwọn dókítà awọ ara bá ń fún èèyàn ní díẹ̀díẹ̀ nítorí irun. Oògùn kan náà ni o.

Ọ̀nà ti finasteride yàtọ̀ pátápátá. Ní abúlé Salinas, ní Dominican Republic, wọ́n ń bí àwọn ọmọ kan tí ojú ara wọn dà bíi ti obìnrin, wọ́n sì ń tọ́ wọn bí obìnrin. Nígbà tí wọ́n bá bàlágà, nǹkan ọkùnrin wọn á yọ. Dókítà Julianne Imperato-McGinley lọ bá wọn, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1974: ẹ́ńsáìmù tó ń sọ testosterone, èròjà ọkùnrin, di DHT, irú rẹ̀ tó lágbára jù, ni wọn kò ní tó. Prostate àwọn ọkùnrin yìí, ìyẹn ẹṣẹ́ tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, kéré, orí wọn kò sì pá. Roy Vagelos, olórí ìwádìí ní ilé iṣẹ́ oògùn Merck, gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ sì wá oògùn tí yóò dènà ẹ́ńsáìmù náà. Finasteride nìyẹn. Ní 1992 FDA gbà á fún prostate tó wú, mílígíráàmù 5; ní 1997 fún orí pípá, mílígíráàmù 1.

Hóró tí a ń gbé mì ni, gbogbo ara ló sì ń dé. Ó lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ ọkùnrin kù, ó sì ń mú kí iye tí PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate, ń gbé jáde lọ sílẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí dókítà tó ń wá jẹjẹrẹ prostate mọ̀ pé èèyàn ń lò ó. Aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó ti fọ́, torí ó lè bí ọmọkùnrin tí ojú ara rẹ̀ yóò rí bíi ti àwọn ọmọ Salinas. Ohun tó kọ́ wọn ní oògùn náà gan-an ni ewu rẹ̀.

Irun iwájú tí dídì líle àti wíífọ̀ọ̀nù ń fà tu lára àwọn obìnrin wa kò sí nínú èyíkéyìí nínú ìtàn méjèèjì. Ẹ sọ fún onídìrí kó dẹ ọwọ́, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà awọ ara ní kíá, torí tí ibẹ̀ bá ti dán borobòrò, gbòǹgbò irun lè ti kú, minoxidil kò sì lè jí i.