Híńjì tó ṣeé yọ píìnì rẹ̀: èwo ló ń pẹ́ lára géètì àti ilẹ̀kùn ilé jẹnẹrétọ̀?

Géètì ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn ilé jẹnẹrétọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ: a kì í fẹ́ náwó lé wọn lórí bíi ti ilẹ̀kùn pálọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni òjò ń pa jù. Díẹ̀ rèé nínú ohun tí àwọn tó ń kọ́lé, àti àwọn tí géètì wọn ti ń ha ilẹ̀, máa ń béèrè.

Ìbéèrè: Irin géètì mi ṣì le koko. Kí ló wá dé tí apá ibi tí àgádágodo wà fi ń wọ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá wẹ́dà lẹ́bi. Ẹ di etí géètì náà mú, kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹjú mọ́ híńjì òkè. Bó bá ti ń mì, píìnì inú rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá irin tí híńjì ń yí lé, ti jẹ nìyẹn. Irin ń lọ irin, iyanrìn wà láàárín wọn. Píìnì tó jẹ́ mílímítà 12 nígbà tí ẹ rà á lè ti di 11 níbi tí ẹrù ń tẹ̀. Mílímítà kan yẹn kì í sì í dúró sídìí híńjì. Bí géètì bá fẹ̀ ní mítà kan àtààbọ̀, tó sì jẹ́ ìdajì mítà péré ló wà láàárín híńjì méjèèjì, mílímítà kan tí ti òkè bá sún síta á di mẹ́ta níbi tí ẹ ti ń tì í.

Ìbéèrè: Ṣé híńjì tó ṣeé yọ píìnì rẹ̀ ló máa tán an?

Ìdáhùn: Kò ní kí píìnì má jẹ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí píìnì bá jẹ, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Híńjì tí wọ́n ti tẹ orí àti ìdí píìnì rẹ̀ pa kò rí bẹ́ẹ̀: gíráńdà ló kàn, ẹ ó gé e kúrò, ẹ ó jó òmíràn mọ́ ọn, ẹ ó tún ọ̀dà kùn.

Oríṣi mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Ti ilẹ̀kùn pákó ní abala méjì pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń fi ìṣó gbá píìnì rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀. Èyí tó rí roboto, tí wọ́n ń jó mọ́ géètì, ẹ̀yà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló gbé píìnì dání, ti òkè á gùn ún lórí. Ilẹ̀kùn lẹ lè gbé kúrò níbẹ̀, píìnì kò kúrò. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn fún géètì tó wúwo: páìpù mẹ́ta tó tò léra, píìnì kan tó gba inú wọn kọjá, tó ní orí lókè àti ihò nídìí fún kọ́tà píìnì, irin tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí píìnì yọ. Wáṣà gbọ́dọ̀ wà láàárín páìpù àti páìpù, nítorí ibẹ̀ ni ìwúwo géètì jókòó sí.

Wẹ́dà mìíràn á fi bóòtì ṣe píìnì. Kò burú, bí ara bóòtì náà bá dán títí dé ibi tó ti yọ jáde nínú páìpù. Èyí tó ní eyín látòkè délẹ̀, bíi fáìlì ló ń ṣe nínú ihò, á máa fá páìpù tí wọ́n ti jó mọ́ géètì. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í bá ẹni tó ń wá irin tó le jù fún píìnì ṣe. Kí páìpù le ju píìnì lọ díẹ̀. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin roboto, lè gé píìnì tuntun fún yín ládùúgbò. Ta ló fẹ́ máa gé páìpù?

Ìbéèrè: Olè ńkọ́? Ẹni tó ní hámà á kàn gbá píìnì jáde, á sì fi àgádágodo sílẹ̀ fún wa.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí síta, nítorí ìta ni píìnì rẹ̀ máa ń wà. Ilé jẹnẹrétọ̀ sì sábà ń ṣí síta, torí pé inú rẹ̀ há. Ohun tí mo máa ń ní kí wẹ́dà ṣe kò ju irin kúkúrú kan lọ: kó jó o mọ́ etí ilẹ̀kùn lápá ibi tí híńjì wà, kó sì lu ihò sí férémù tí irin náà máa wọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá pa dé. Bí wọ́n yọ gbogbo píìnì, ilẹ̀kùn ò ní lọ síbì kan. Ti oníroboto tó ṣeé gbé sókè rọrùn ju ìyẹn lọ: ẹ dorí híńjì òkè kodò, kò ní ṣeé gbé mọ́.

Ìbéèrè: Ṣé híńjì ńlá ni kí n rà, àbí kí n fi mẹ́ta síbi méjì?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ fi híńjì jìnnà síra wọn. Géètì tó wúwo ní kílò 80, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 150, àárín ìwúwo rẹ̀ fi 75 jìnnà sí híńjì. Ẹ sọ 80 di ìlọ́po 75, kẹ́ ẹ fi àlàfo tó wà láàárín híńjì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pín in. Bí àlàfo náà bá jẹ́ 150, agbára kílò 40 ló ń fa híńjì òkè kúrò lára òpó. Bó bá jẹ́ 50, ó di 120. Géètì kan náà ni o. Ẹni tó ra híńjì ńlá tó wá kó wọn jọ sáàárín ti fowó ṣòfò.

Híńjì kẹta dára, ó ń gba díẹ̀ nínú ẹrù, kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn gígùn wọ́. Ṣùgbọ́n kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lójú ìlà kan. Kí wẹ́dà ti ọ̀pá irin gígùn kan tó gún régé gba inú gbogbo wọn kó tó jó wọn mọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á máa bá ara wọn jà.

Ìbéèrè: Irin wo ni kí n béèrè lọ́jà?

Ìdáhùn: Ìyẹn dọwọ́ ibi tí ẹ ń gbé. N'Ìbàdàn, irin lásán tó rí ọ̀dà àti gírísì á pẹ́. Létí òkun, bíi Lẹ́kì tàbí Kútọnu, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Híńjì tó kàn ń dán bíi ti fàdákà, síńkì orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Èyí tí wọ́n rì sínú síńkì yíyọ́ máa ń ní àwọ̀ eérú, síńkì tirẹ̀ sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí wẹ́dà fi fáìlì ha síńkì kúrò níbi tó fẹ́ jó, kó sì ṣe é níta gbangba, èéfín rẹ̀ ń kóni ní ibà. Bó bá jẹ́ síténlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà, oríṣi tí wọ́n ń pè ní 316 ni ti etí òkun. Oríṣi 304 á ní àmì ìpẹtà níbẹ̀ bó bá yá.

Ẹ mú òòfà dání lọ. "Idẹ" tí òòfà bá gbá mú, irin tí wọ́n fi àwọ̀ idẹ bò ni. Fún síténlẹ́ẹ̀sì, òòfà ò lè sọ gbogbo ẹ̀, nítorí gbàrọgùdù kan wà tí òòfà kì í gbé, tó sì máa dípẹtà kíákíá.

Ìbéèrè: Báwo ni n ó ṣe yọ píìnì tó ti gan?

Ìdáhùn: Ẹ rọ dísù tàbí ọ́ìlì fẹ́lẹ́ sí i, kó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi pákó tì í lábẹ́ géètì kó má bàa wó lu ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ wá gbá píìnì láti ìsàlẹ̀. Ti híńjì ìsàlẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ yọ, ti òkè ló kẹ́yìn. Ẹ nu ihò mọ́, ẹ fi gírísì pa píìnì tuntun. Ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ǹ, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, tí àwọn kan ń dà sí i kì í pẹ́ ṣàn lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ti òkè ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí orí rẹ̀ sì wà lókè, pàápàá nílé jẹnẹrétọ̀: ẹ̀rọ yẹn ń gbọ̀n, á máa rọra gbọn píìnì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò sọ sílẹ̀.